Bẹ́ǹṣì Ìrókò Tí Mo Kàn De Àna

Kò sí igi tí wọ́n lè gbé wọ Lomé tí mi ò ní mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ fi aṣọ dì mí lójú, ẹ bu lẹ́búlẹ́bú pákó sí mi látẹ́lẹwọ́, màá gbóòórùn rẹ̀, màá sọ igi tó jẹ́ fún yín, màá sì fi kún un bóyá òjò pa á lọ́nà kó tó dé. Mi ò kọ́ èyí nílé ìwé. Ilé ìwé tí mo lọ kò jìnnà. Tísà ń sọ Faransé níwájú, èmi ń wo òrùlé, mò ń rò ó lọ́kàn pé ta ló fi igi tútù ṣe irú àjà báyìí. Nígbà tí àjà náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lóòótọ́, tísà bínú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Bàbá mi, tí wọ́n ti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ wá ta pákó níhìn-ín kí a tó bí mi, ló wá mú mi kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní ojú tí mo fi ń wo òrùlé yẹn, ó sàn kó máa pawó wọlé.

Ìsọ̀ náà ti di tèmi báyìí. Ó wà ní Totsi, létí títì, ẹni tó bá ń kọjá tí kò rí i, kó lọ rí dókítà ojú. Mo to pákó mi ní òòró, wọ́n dúró ṣánṣán bí ọmọ ilé ìwé tó ń kọrin àárọ̀. Àwọn tó ń ta pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi máa ń sọ pé mò ń fọ́nnu. Èmi kì í fọ́nnu. Ohun tó wà ni mo máa ń sọ. Tó bá ti wá pọ̀ jù fún etí wọn, ẹjọ́ etí wọn nìyẹn.

Ẹni tó bá wá ra ìrókò lọ́wọ́ mi, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń fi hàn án ni ojú òòlù ìjọba. Àwọn aṣọ́gbó ní òòlù irin kan tí wọ́n ń gbá mọ́ ara igi tí wọ́n bá fọwọ́ sí. Ó máa ń fi àmì róbótó sílẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn a fi ìfági fá a dànù. Èmi kì í fá a. Màá pe oníbàárà, màá ní, "Wò ó, ìjọba fúnra rẹ̀ ti kí igi yìí." Oníbàárà á fọwọ́ pa á, inú rẹ̀ á dùn. Kò sí ẹni tó máa ń bèèrè ibi tí ìjọba ti rí i kí. Bẹ́ẹ̀ òòlù yẹn mọ ọ̀nà ju ẹni tó ni ín lọ. Igi kan á gba àṣẹ, gbogbo mọ̀lẹ́bí rẹ̀ á tẹ̀ lé e jáde nínú igbó. Aṣọ́gbó ńkọ́? Odindi igbó, ọkùnrin kan ló ń ṣọ́ ọ, ọ̀kadà tí wọ́n fún un kò sì ní epo. Láàárín àwa tí a ń ta igi, kò sí ẹni tí kò mọ èyí. Ẹni tó ń jẹ ẹja kì í bi ẹja bó ṣe dé inú àwọ̀n.

Ọmọbìnrin mi àgbà ló mú mi bèèrè.

Ó ń ta oògùn ní fámásì kan ní Tokoin. Ó gbọ́n, ó jọ mí. Ó rí ọkọ, tísà ìṣirò ni ọmọkùnrin náà, Ifẹ̀ ti ilẹ̀ Tógò níhìn-ín ni, ará abúlé kan lọ́wọ́ Atakpamé. Yorùbá tiwọn àti tiwa jọ ń rìn ni, wọn ò di ara wọn lọ́wọ́ mú; ṣùgbọ́n tó bá rọra sọ ọ́, mo máa ń gbọ́, èyí tí kò bá sì yé mi, màá mi orí bí àgbà. Wọ́n ti sọ fún un níbi iṣẹ́ pé tí ilé ìwé bá fi wọlé, Dapaong ni wọ́n ń gbé e lọ, ní òkè pátápátá. Ó fẹ́ kí ìgbéyàwó ti parí kó tó lọ, kí ìyàwó rẹ̀ lè bá a lọ. Ọmọ mi náà ò sì fẹ́ ọkọ orí fóònù. Ó ti ń ra ìkòkò, ó ń tò wọ́n sábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Tó bá yí ara padà, gbogbo ilé ló máa ń gbọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọmọkùnrin náà wá bá mi ní ìsọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú lẹ́búlẹ́bú pákó, nígbà tó dìde, àyà rẹ̀ ti dà bí ti ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì.

"Bàbá," ó ní, "ìyá àgbà ní kí ẹ bá wa ní sùúrù."

Ìyá àgbà yẹn ni ìyá tó bí bàbá rẹ̀. Àwọn ló tọ́ ọ, nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé wọn tí àwọn ò bá mi orí sí i.

"Sùúrù kí ni? Ṣé ilé ìwé máa ní sùúrù ni?"

"Wọ́n ní ibi tí a ti ń gba ìyàwó nílé wa ti bàjẹ́. Wọ́n ní àwọn ò lè gba ọmọ ọlọ́mọ síbi tó bàjẹ́."

"Bàjẹ́ báwo?"

Ó wolẹ̀. "Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ló máa sọ ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: kí ló lè bàjẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gba ìyàwó bí kò ṣe ìloro? Ikán ti jẹ òpó, àjà ti tẹ̀, àga ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ igi ni. Ọlọ́run wá fi ọmọ onígi ṣe ìyàwó wọn, wọ́n ń sọ sùúrù.

"Lọ sọ fún ìyá àgbà," mo ní, "pé kí wọ́n wá sí Lomé wá wo ohun tí àna wọn lè ṣe. Ohun tó bàjẹ́ yẹn, èmi ni màá tún un ṣe, látorí òpó dé orí àga."

"Bàbá, kì í ṣe..."

"Ṣé o mọ iṣẹ́ igi ni?"

"Rárá, Bàbá."

"Ó dáa."

Nígbà tí mo délé ní Wuiti, mo ròyìn fún ìyàwó mi. Ó ń fẹ́ ìrẹsì lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Bàbá ọmọ mi, ṣé ẹ bi í kó ṣàlàyé ohun tó bàjẹ́?"

"Tísà ìṣirò ni. Kí ló mọ̀ nípa òpó?"

"Ẹ bi í àbí ẹ ò bi í?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n," ó ní, ó ń bá àtẹ rẹ̀ lọ. "Ẹni tó mọ̀ kì í ṣìnà, ó kàn máa ń pẹ́ kó tó délé ni."

Èrò bẹ́ǹṣì ti gba orí mi.

Pákó kan wà tí mo ti ń tọ́jú sẹ́yìn ìsọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Awakọ̀ kan ló gbé e wá, ọmọ ẹ̀yà Ewe, ẹlẹ́rìn-ín ẹnu tí kì í bínú, òun ló máa ń gbé igi wá fún mi láti òkè. Lójú títì, èédú ló ń gbé. Lábẹ́ èédú, igi ló ń gbé. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà, bí a ṣe kí ìrun àsùbáà tán báyìí ló já ìrókò sílẹ̀ fún mi. Pákó náà fẹ̀, ó gùn, àwọ̀ rẹ̀ bí oyin.

"Pàtírọ̀n," ó ní, bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "igi yìí le o. Ó ká eyín ayùn àwọn tó gé e. Irin wà nínú rẹ̀."

Òótọ́ ni. Nínú pákó yẹn, ojú dúdú wà lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ọ̀kan lókè èkejì, oníkálukú ní ìrù dúdú tó ṣàn wálẹ̀ bí ìgbà tí tìróò bá ṣàn lójú obìnrin. Irin máa ń sọ ìrókò di dúdú tó bá pẹ́ nínú rẹ̀. Nínú ojú ìsàlẹ̀, irin náà ṣì wà níbẹ̀, ayùn ti gé e, ó ku bíńtín. Ẹlòmíràn ì bá gé apá ibẹ̀ sọnù. Àmọ́ mo ti sọ fún yín pé èmi ní ojú. Mo ní ẹwà igi yìí gan-an nìyí. Mo ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹni ńlá máa jókòó lé e.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kan bẹ́ǹṣì náà, mi ò pe káfíńtà. Ó gbọọrọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ki, ìṣó ò sí nínú rẹ̀ rárá, oríkèé ni mo fi so ó. Mo yí àwọn ojú dúdú yẹn sókè, kí ẹni tó fẹ́ jókòó lè kọ́kọ́ rí wọn. Mo fi ojú òòlù ìjọba sílẹ̀ nísàlẹ̀. Mo fi òróró pa á títí ó fi ń dán. Gbogbo Totsi wá wò ó. Ẹni tó ń ta pákó lápá ọ̀tún mi yí i ká, ó ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn.

"Alájì," ó ní, "ṣé wọ́n máa jókòó lé e ni, àbí wọ́n máa kí i kí wọ́n tó kọjá?"

"Wọ́n á kọ́kọ́ kí i," mo ní.

Ìyá àgbà wá. Wọ́n wá pẹ̀lú àbúrò bàbá ọkọ, ọkùnrin pẹ̀lẹ́tù kan tó dé fìlà, àti ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀. Mo ti rò pé obìnrin gàgàrà ni mo máa rí, nítorí bí ẹ̀rù wọn ṣe ń ba gbogbo ìdílé. Obìnrin kékeré ni, tín-ín-rín, gèlè funfun, ẹsẹ̀ wọn kì í sì í dún tí wọ́n bá ń rìn. A kíra títí ìkíni fi tán lẹ́nu wa. Ìyàwó mi ti se oúnjẹ. Ọmọ mi wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, mò ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ.

Bí ìyá àgbà ṣe fẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ni mo na ọwọ́.

"Ìyá, ẹ má tíì jókòó. Ẹ kọ́kọ́ wò ó ná."

Mo wá sọ̀rọ̀. Mo sọ ti àwọ̀, mo sọ ti oríkèé tí kò ní ìṣó, mo sọ fún wọn pé òpó ìloro wọn àti àjà rẹ̀, bí mo ṣe máa ṣe é nìyí. Mo ní kí wọ́n wo àwọn ojú dúdú yẹn, pé kò sí ẹlòmíràn ní Lomé tó mọ bí a ṣe ń mú ẹwà jáde lára irú igi bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ń ṣẹ́jú sí mi pé ó ti tó. Mo rò pé nǹkan ló wọ ojú rẹ̀.

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka kan ojú àkọ́kọ́. Wọ́n fà á wálẹ̀ sí èkejì. Nígbà tó dé orí irin tó kù, ìka náà dúró. Wọ́n pe àbúrò bàbá ọkọ pé kó wá wò ó. Ó wò ó, ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Àna mi," ìyá àgbà ní, "níbo lẹ ti rí igi yìí?"

"Ojúlówó ìrókò ni, Ìyá. Láti òkè ló ti wá. Ìjọba ti kí i." Mo dojú bẹ́ǹṣì dé, mo fi ojú òòlù hàn wọ́n.

"Ìjọba ti kí i," wọ́n tún un sọ, jẹ́jẹ́. "Àwa tí a jọ ń gbé, a ò gbọ́ ìkíni náà."

Wọ́n ní kí n dá bẹ́ǹṣì náà padà. Wọ́n tún fọwọ́ lé e.

"Létí odò wa ni igi yìí dúró sí. Irin tẹ́ ẹ̀ ń rí yìí, alágbẹ̀dẹ ìdílé wa ló gbá a mọ́ ọn, òun la máa ń gbé igbá omi kọ́. Ìyàwó tó bá wọ abúlé wa, abẹ́ igi yẹn la ti ń bu omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ká tó mú un wọlé. Igi á dàgbà, á gbé irin mì, wọ́n á gbá òmíràn. Èyí ni ti ìyá ọkọ mi. Èyí ni tèmi." Ìka wọn wà lórí bíńtín irin yẹn. "Ibi tí a ti ń gba ìyàwó nìyẹn, àna mi. Òun ni mo ní ó bàjẹ́."

Mo wo ọkọ ìyàwó, ó ń wo ilẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ọ̀rọ̀ yẹn ló fẹ́ sọ ní ìsọ̀ tó fi kú sí i lẹ́nu. Báwo lèèyàn ṣe máa dúró láàárín pákó àna rẹ̀ kó máa ròyìn igi tí wọ́n jí? Ìyàwó mi kàn wò mí, bí ẹni tó ń wo ẹni tó ti ń pẹ́ kó tó délé.

Àbúrò bàbá ọkọ ló wá ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ ìsìnkú ní abúlé kejì ni. Wọ́n gbọ́ ohùn ayùn ẹlẹ́rọ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n rò pé oko igi tíìkì ẹnì kan ni. Ìgbà tí wọ́n padà dé, kùkùté ló kí wọn káàbọ̀.

"Kì í ṣe pé a kì í gé igi o," ó ní. "A máa ń gé. Àmọ́ a kì í gé èyí tí kò tíì ní ọmọ lẹ́sẹ̀, a kì í sì í gé ti etí odò. Àwọn wọ̀nyí gé ìyá, wọ́n tún padà wá gé ọmọ. Odò náà ò dúró de ọyẹ́ mọ́ kó tó gbẹ."

"Ẹ ò sọ fún aṣọ́gbó?" ìyàwó mi bèèrè.

"A sọ fún un. Ó wá. Ó wọn kùkùté náà yí po, ó káàánú wa gan-an. Ó ní tí a bá rí igi náà, ká wá sọ fún òun."

Kọ́tìnnì ṣí. Ọmọ mi jáde, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá àgbà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ìyá," ó ní, "ṣé kí n kó àwọn ìkòkò mi padà fún ẹni tó tà wọ́n ni?"

Ìyá àgbà wò ó títí. Láti ìgbà tí mo ti ń ta igi, mi ò tíì dúró de ìdáhùn oníbàárà kankan bí mo ṣe dúró de ti obìnrin kékeré yẹn. Ọmọ tó ti múra tán láti lọ, ìlú tó jìnnà, ọkọ tó ń lọ tí kò lè dúró, gbogbo rẹ̀ wá jókòó sórí pákó tí mo fi òróró pa.

"Ìkòkò wo?" wọ́n ní. "Ìwọ lo gé igi ni?" Wọ́n fọwọ́ gbá a lórí pẹ́pẹ́. "Igi ò lè padà di igi. Ṣùgbọ́n ó ti wá pàdé wa lọ́nà. A ó gbé e lọ sílé, a ó gbé e sẹ́bàá kùkùté rẹ̀, wàá jókòó lé e, a ó wẹ ẹsẹ̀ rẹ." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ṣùgbọ́n ẹni tó ni bẹ́ǹṣì ló máa gbé e wá fúnra rẹ̀."

"Ìyá," mo ní, "èmi kọ́ ni mo gé e."

"Mo mọ̀. Ẹni tó gé e kò ní ọmọ tó fẹ́ fún wa."

"Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bàbá ìyàwó kì í sin ìyàwó lọ sílé ọkọ. Ojú á tì í."

"Ta ló ní kí ẹ sin ìyàwó?" ìyá àgbà ní. "Bẹ́ǹṣì lẹ máa sìn."

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ti ń pa á mọ́ra láti ìgbà tí mo ti sọ ti oríkèé.

Bí ó ṣe di pé èmi Alájì, bàbá ìyàwó, gun ọkọ̀ akẹ́rù lọ sílé àna mi nìyẹn. Awakọ̀ èédú yẹn ni mo pè, nítorí ọkọ̀ rẹ̀ ló mọ ọ̀nà náà. Ìyá àgbà ti dúró ní Lomé lọ́dọ̀ ọmọ-ọmọ wọn títí ọjọ́ náà fi pé. Àwọn ló jókòó níwájú. Ìyàwó mi àti ìyàwó tuntun wà nínú mọ́tò lẹ́yìn wa. Bẹ́ǹṣì nìkan ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, mo so ó, mi ò fi nǹkan kan bò ó.

A kọjá Agoè. Ibì kan wà níwájú níbẹ̀ tí àwọn aṣọ́gbó ti máa ń fi igi dábùú ọ̀nà. Awakọ̀ mi kì í tilẹ̀ dín eré kù níbẹ̀. Á tẹ fèrè, wọ́n á juwọ́ sí i. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní kó dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú aṣọ àwọ̀ ewé yí ọkọ̀ náà ká.

"Kí lẹ gbé?"

"Bẹ́ǹṣì," awakọ̀ ní.

"Igi wo?"

Ó yẹ kí n dákẹ́. "Ìrókò," mo ní. "Ojúlówó."

"Papié rẹ̀ ńkọ́?"

Ìwé àṣẹ ló ń bèèrè. Awakọ̀ mi tẹ̀ sí mi létí. "Pàtírọ̀n, mo ní kí n da èédú díẹ̀ lé e lórí, ẹ kọ̀."

"Ọ̀gá," mo sọ fún aṣọ́gbó, "pákó ìrókò ti ń gba ibí kọjá láti ìgbà tí ẹ ti wà ní kékeré. Mi ò rí i kí wọ́n dá a dúró rí."

"Ìyẹn ń ti inú igbó bọ̀ wá sí ìlú," ó ní. "Tiyín ń ti ìlú lọ sínú igbó. Kò yé mi. Èyí tí kò bá yé mi ni mo máa ń dá dúró."

Ìyá àgbà sọ̀kalẹ̀. Ó gbà wọ́n ní àkókò díẹ̀, ọkọ̀ náà ga. Wọ́n lọ dúró níwájú ọmọkùnrin náà, orí wọn kò kọjá bọ́tìnnì àyà rẹ̀.

"Ọmọ mi, a ti fi ẹjọ́ igi yìí sùn lọ́dọ̀ ẹnì kan nínú yín. Ó ní tí a bá rí i, ká wá sọ. A ti rí i. Mo wá sọ."

"Màmá, ẹ̀rí wo lẹ ní pé tiyín ni?"

"Àna mi, ẹ fi àmì ẹni tó fọwọ́ sí i hàn án."

Mo gun ẹ̀yìn ọkọ̀, mo dojú bẹ́ǹṣì dé. Àmì róbótó yẹn wà níbẹ̀, ó ń dán nínú òróró tí mo fi pa á. Ọmọkùnrin náà wò ó. Ó fi ìka kàn án. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀, ìyẹn náà wá wò ó, ó yára padà síbi tó ti ń jẹ ẹ̀wà.

"Òòlù wa ni," ọmọkùnrin náà ní.

"Àwa náà rí i bẹ́ẹ̀," ìyá àgbà ní.

Ewúrẹ́ kan kọjá lábẹ́ igi ìdábùú wọn, kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Níbo lẹ ń gbé e lọ?"

"Sílé rẹ̀."

Ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló gbé igi ìdábùú sókè. Ó ní, "Ẹ máa lọ, Màmá," ó wá wo awakọ̀ mi. "Ìwọ, ojú rẹ jọ ti ẹni tó máa ń gbé èédú."

"Ojú mi jọ ti ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀gá," awakọ̀ ní, ó tẹ ọkọ̀ rẹ̀. Àárín ọ̀nà ló tó mí kanlẹ̀.

A gbé bẹ́ǹṣì sẹ́bàá kùkùté náà, létí odò tó ti di iyanrìn. Kùkùté náà fẹ̀. Mi ò sọ bó ṣe fẹ̀ tó, ẹ máa ní mò ń fọ́nnu. Ọmọ igi kan ti hù lára rẹ̀, ó ga tó orúnkún, wọ́n ti fi ẹ̀gún ṣe ọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́. Ọmọ mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé gèlè rẹ̀ dáadáa. Ìyá àgbà bu omi sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n ń wí nǹkan ní Ifẹ̀ tí mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo mi orí bí àgbà. Ọmọ mi gbójú sókè, ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́búlẹ́bú pákó kó sí mi lójú. Ìyàwó mi ní kò sí ẹni tó ń la pákó níbẹ̀. Obìnrin ò lè mọ gbogbo nǹkan.

Nígbà tí mo fẹ́ máa padà, ìyá àgbà sìn mí dé ìdí ọkọ̀.

"Àna mi, mo ní ohun kan ṣoṣo láti tọrọ. Ìrókò tó bá tún dé ọ̀dọ̀ yín láti apá ibí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí i."

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ẹni tó ní àna ní ọ̀gá. Mo ní mo gbọ́.

Àwọn ọmọ ti wà ní Dapaong báyìí, ìkòkò pé. Ọkọ ra fóònù tó ń fi àwòrán hàn fún ìyá àgbà. Ìrókò tó bá dé Totsi, màá gbé fóònù sí i lára, màá rọra máa gbé e lọ láti ìdí dé orí, ìyá àgbà á máa wò ó láti abúlé, wọ́n á ní, "Ẹ dá a padà díẹ̀, àna mi. Kí nìyẹn?" Àwọn tó ń ta pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi máa ń yí wa ká láti fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Alájì ti gba aṣọ́gbó sínú fóònù. Mo ní ó sàn ju ti ìjọba lọ: tèmi kì í jẹ ẹ̀wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì nílò epo ọ̀kadà.

Tíìkì ni mò ń tà jù báyìí. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ pé igi tí wọ́n ń gbìn bí ẹ̀gẹ́, kí lọ́lá rẹ̀? Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ tíìkì tó gbẹ, tó tọ́, tí ẹni tó gbìn ín ṣì wà láàyè láti sọ ọjọ́ tó gbìn ín, ọ̀dọ̀ mi lẹ máa wá. Kò sí ẹni tó mọ tíìkì tó mi ní gbogbo Lomé.

Awakọ̀ mi ṣì ń wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dá ọkọ̀ dúró létí títì, kò pa iná, kò tú okùn. Ó yọrí lójú fèrèsé.

"Pàtírọ̀n, ṣé Ìyá wà lórí fóònù lónìí?"

"Wọ́n wà níbẹ̀."

"Á jẹ́ pé èédú ni mo gbé," ó ní, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Mo mọ ibi tó ń lọ. Ó ń lọ bá àwọn tí kò tíì ní àna lókè. Lẹ́yìn gbogbo ìrun, mo máa ń gbàdúrà kí àwọn ọmọ wọn tètè rí ọkọ níbẹ̀.